Ajá Tó Ń Bẹ Aláìsàn Wò

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó ní òbí nílé ìtọ́jú àgbàlagbà ní London tàbí ní Houston ti rí i rí. Ojú ọ̀sán ni, wọ́n ti jẹun tán, àwọn àgbà jókòó yí yàrá ìgbàlejò ká, ni ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú ajá. Ajá náà á máa tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ láti ìdí àga kan dé ìdí òmíràn. Ẹni tó bá nawọ́ sí i, á gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá yíjú kúrò, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìyọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá tó bíi wákàtí kan, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lè rò pé ṣe ni aláàánú kan mú ajá rẹ̀ wá ṣeré. Iṣẹ́ ni. Wọ́n kọ́ ajá náà, wọ́n dán an wò, wọ́n fún un níwèé ẹ̀rí, òfin tó sì yí iṣẹ́ náà ká le ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ajá mìíràn tó ń ṣiṣẹ́. Ajá tó ń mú afọ́jú rìn, tàbí èyí tó ń ta ẹni tó ní wárápá lólobó kí gìrì tó gbé e, ẹnì kan ṣoṣo ló wà fún, ìyẹn olówó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1990 tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara fún irú ajá bẹ́ẹ̀ láyè láti wọ ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ọkọ̀ èrò. Ajá tí à ń sọ yìí ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ajá inú ilé lásán ni. Àwọn ẹlòmíràn ló ń lọ tù nínú, ibi tí wọ́n bá sì ti pè é nìkan ló lè wọ̀: ilé ìwòsàn, ilé àwọn arúgbó, ilé ẹ̀kọ́, yàrá ìkàwé. Ajá ìtùnú ni n ó máa pè é.

Kì í ṣe díẹ̀ nínú wọn ló jẹ́ ajá tí wọ́n yọ nínú ewu. A rí èyí tí wọ́n bá lójú títì, a rí èyí tí olówó rẹ̀ so mọ́lẹ̀ tí kò fún lóúnjẹ, a sì rí èyí tí wọ́n fi ń jà nítorí owó. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé ìyà tó jẹ ajá bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kó mọ ìyà aláìsàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà á. Ìyà kì í kọ́ ajá ní inúure, ẹ̀rù ló sábà máa ń kọ́ ọ. Ohun tó ń mú ajá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni ìwà tirẹ̀ tí ìyà ò rí bà jẹ́, àti sùúrù ẹni tó gbà á sílé, tó wo ìwà náà dáadáa kó tó dá a lẹ́jọ́.

Èyí tí ìtàn rẹ̀ kọ́kọ́ wà lákọsílẹ̀ nínú àwọn ajá ìtùnú ò ga ju igi ẹsẹ̀ àga lọ. Ọdún 1944 ni, lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì, ní erékùṣù New Guinea. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan rí ajá Yorkshire terrier kan nínú kòtò tí àwọn ajagun gbẹ́ tí wọ́n sì pa tì nínú igbó. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe débẹ̀. Kò wúwo tó kílò méjì. William Wynne, ọmọ ogun tó wá láti Ohio, fi pọ́n-ùn méjì owó Ọsirélíà rà á, orúkọ rẹ̀ sì di Smoky. Nígbà tí ibà dengue dá Wynne wó, tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn àwọn ológun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ajá náà wá kí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣàkíyèsí bí inú àwọn aláìsàn ṣe dùn sí ajá yìí, ni wọ́n bá tọrọ rẹ̀ láti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ojú ìjà erékùṣù Biak. Dókítà Charles Mayo, ọmọ ìdílé tó dá Mayo Clinic sílẹ̀, ni ọ̀gá ibẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Lọ́sàn-án, Smoky á bá àwọn nọ́ọ̀sì yí wọ́ọ̀dù ká. Lálẹ́, á sùn ti Wynne lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ogun, Wynne mú un lọ sílé ní Cleveland, ó sì ń gbé e kiri àwọn ilé ìwòsàn níbẹ̀. Bí a bá ka àwọn ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀, wọ́n tó 12. Ọdún 1957 ló kú.

Ọwọ́ àwọn onímọ̀ ò yá tó ti àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn. Ní 1961, Boris Levinson, onímọ̀ nípa ọkàn àwọn ọmọdé ní New York, dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ọmọ kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọkàn rẹ̀ payá nígbà tó ń bá Jingles, ajá òun, ṣeré. Àwọn kan nínú wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀. Ní 1976, nọ́ọ̀sì kan, Elaine Smith, dá ẹgbẹ́ Therapy Dogs International sílẹ̀ ní New Jersey. Ní 1983, ẹgbẹ́ Pets As Therapy bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà lọ ni iṣẹ́ náà ti ní ìlànà.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lórí ajá tí wọ́n yọ nínú ewu ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Virginia lọ́dún 2007, n ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn ọlọ́pàá wọ ilẹ̀ kan ní Surry County tó jẹ́ ti Michael Vick, ìlúmọ̀ọ́ká nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n máa ń gbá mọ́ra sá. Ajá ìjà ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ajá pit bull tó lé ní 50 ni wọ́n kó níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn wà lórí ṣéènì nínú igbó ẹ̀yìn ilé. Vick gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 23.

Títí di ìgbà náà, ajá tí wọ́n bá kó níbi ìjà ajá, pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á tí ẹjọ́ bá ti parí. Wọ́n kà á sí ẹrù ẹ̀rí tí kò wúlò mọ́. Àwọn kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko pàápàá dámọ̀ràn pé kí wọ́n pa àwọn wọ̀nyí, nítorí wọ́n gbà pé ajá tí wọ́n ti fi jà ti bàjẹ́ tán. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ẹjọ́ gbà kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, tí ASPCA, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko ní Amẹ́ríkà, ṣaájú wọn, ló ṣe ìdánwò náà. Wọ́n sún mọ́ ajá kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n bá a ṣeré. Wọ́n gbé ọmọláńgidi tó tó ọmọdé síwájú rẹ̀. Wọ́n ki ọwọ́ oníke bọ abọ́ oúnjẹ rẹ̀ bó ti ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n mú ajá mìíràn sún mọ́ ọn.

Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Èyí tí inú rẹ̀ burú débi pé wọ́n ní láti pa á, ẹyọ kan péré ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ò gbìyànjú láti bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Bí ènìyàn bá wọlé, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀, wọn ò ní gbé orí sókè. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ìrù ni wọ́n ń jù, tí wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ pa àwọn lára. Ọwọ́ ènìyàn kan náà ni gbogbo wọn ti jìyà, orí ṣéènì kan náà ni wọ́n gbé, síbẹ̀ wọn ò rí bákan náà.

Rebecca Huss, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Valparaiso, ni ilé ẹjọ́ yàn láti dúró bí alágbàtọ́ fún àwọn ajá náà, kó sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa lọ. Vick san owó tó lé ní $900,000 fún ìtọ́jú wọn. Ajá 47 ló yè. Ẹgbẹ́ Best Friends gba 22 tí ìṣòro wọn pọ̀ lọ sí ọgbà wọn ní Kanab ní ìpínlẹ̀ Utah, àwọn yòókù sì pín sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, irú bíi BAD RAP ní Oakland. Inú àwọn ajá wọ̀nyí ni ajá ìtùnú ti jáde. Nígbà ayé rẹ̀, Leo máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ ní California, á dúró tì wọ́n níbi tí oògùn ti ń kán wọ iṣan wọn. Hector, tí àpá ìjà kún àyà rẹ̀, yege ìdánwò tirẹ̀ ní Minnesota. Jonny Justice gba ìwé ẹ̀rí ní San Francisco lọ́dún 2008, àwọn ọmọdé tó ń kọ́ ìwé kíkà sì ń jókòó tì í, wọ́n ń kàwé sí i létí. Ní 2014, ASPCA dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ajá tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà. Ká ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní Virginia, inú ilẹ̀ ni gbogbo wọn ì bá wà.

Àwọn ọdẹ wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọdẹ tó fẹ́ mú ajá wọ igbó kì í fi ẹnu àwọn ará ilé yàn án. Á jókòó ti àwọn ọmọ ajá, á wo èyí tó ń sún mọ́ni, èyí tó ń sá fún ariwo, èyí tó ń gbọ́ ohùn. Ohun tí wọ́n ṣe ní Virginia nìyẹn, àfi pé àwọn ajá wọ̀nyẹn ti dàgbà, ẹ̀mí wọn sì wà lórí ìdájọ́ náà. Ẹ má sì rò pé gbogbo àwọn 47 ló di ajá ìtùnú. Àwọn kan lo ìyókù ọjọ́ ayé wọn ní Kanab, wọ́n ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ láti rìn lójú ọ̀nà láìgbọ̀n. Èyí náà tó. Ajá ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè iṣẹ́ nítorí pé wọ́n gbà á là.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mú ajá láti ibùdó àwọn ajá tí kò nílé dé wọ́ọ̀dù? Inú ilé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà ẹran á yẹ̀ ẹ́ wò, á fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, pàápàá ti dìgbòlugi, á fún un lóògùn aràn, á mú eégbọn kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sinmi. Alájá tó gbọ́n kì í kọ́ ọ ní nǹkan kan ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Á fún un lóúnjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, á fi igun kan hàn án tí ẹnikẹ́ni ò ní yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì ní máa kó àlejò wá wò ó. Ajá tí kò gbé inú ilé rí ní láti mọ̀ pé àtẹ̀gùn kì í gbé ènìyàn mì, àti pé ẹ̀rọ tó ń pariwo nílé ìdáná ò wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Sùúrù yìí wà nínú òfin àwọn ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ajá ìtùnú. Ẹgbẹ́ Pet Partners ní Amẹ́ríkà àti Pets As Therapy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dán ajá kankan wò àfi tó bá ti lo oṣù mẹ́fà ó kéré tán lọ́dọ̀ alájá rẹ̀. Ó nídìí. Ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé titun máa ń fi ara pamọ́. Èyí tó dákẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló pa á lẹ́nu mọ́, tó bá wá fọkàn balẹ̀ tán, ìgbà náà ni a ó rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú mú irú ajá bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aláìsàn ń fi aláìsàn àti ajá sínú ewu.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò ni. Ẹgba ò sí níbẹ̀. Bí ajá bá ṣe ohun tó tọ́, wọ́n á fún un ní ẹran tín-ín-tín tàbí kí wọ́n fọwọ́ pa á lórí. Bí kò bá ṣe é, wọ́n á tún un ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gba ìdánwò ìwà rere tí ẹgbẹ́ àwọn alájá ilẹ̀ náà, American Kennel Club, dá sílẹ̀ ní 1989. Ohun mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Àjèjì á wá bọ alájá lọ́wọ́, ajá ò gbọdọ̀ fò mọ́ ọn. Wọ́n á fọwọ́ kan etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ya irun rẹ̀. Á rìn láàárín èrò láìfa okùn ọrùn rẹ̀ le. Alájá á kúrò lójú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò gbọdọ̀ hu tàbí kó máa sáré kiri.

Ìdánwò ajá ìtùnú le ju ìyẹn lọ, nítorí ilé ìwòsàn kún fún ohun àjèjì. Wọ́n á ti àga oníkẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn, wọ́n á ju abọ́ irin sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan á gbá a mọ́ra jù, òmíràn á pariwo lójijì, bí ẹni tí ara ń ni. Ó lè ta gìrì, kò sẹ́ni tó máa bá a wí fún ìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọkàn rẹ̀ tètè ń padà bọ̀ sípò. Wọ́n á tún gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó fi í sílẹ̀. Ẹ má rò pé eré ni apá yìí. Nílé ìwòsàn, ohun tó ń já bọ́ sílẹ̀ lè jẹ́ hóró oògùn, hóró kan ṣoṣo sì lè pa ajá.

Wọ́n tún ń dán alájá pàápàá wò. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kì í béèrè àìsàn tó ń ṣe ẹnikẹ́ni, pé ohun tí aláìsàn bá sọ fún un ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e délé. Pet Partners ń tún ajá àti alájá dán wò pọ̀ lọ́dún méjì méjì. Wọn kì í sì í sanwó fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é jẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tàbí ẹni tó ń yọ̀ǹda ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ ká máa bọ̀wọ̀ fún wọn ju bí a ti ń ṣe lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jáde, ajá á wẹ̀. Wọ́n á gé èékánná rẹ̀, wọ́n á sì fi ayùn ra á kó dán, torí awọ arúgbó ti fẹ́lẹ́, bí èékánná bá họ ọ́ díẹ̀, ó lè dá egbò sí i lára. Ajá tó ń jẹ ẹran tútù ò lè ṣiṣẹ́ fún Pet Partners, nítorí kòkòrò àìsàn tó lè wà nínú ẹran bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá máa fọwọ́ kàn án ní láti fi oògùn apakòkòrò nu ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ajá bá máa gun ibùsùn, wọ́n á tẹ́ aṣọ mímọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí egbò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹni tí irun ajá ń mú kó máa sín tàbí tí kì í jẹ́ kó mí dáadáa, ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí àrùn tó ń ràn, ajá kì í dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìbéèrè ló ń ṣí gbogbo ìbẹ̀wò. Alájá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ káàsán o, ṣé ẹ fẹ́ kí ajá yìí wá kí yín?" Bí aláìsàn bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti parí, wọn kì í rọ̀ ọ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn, kí ó lè máa rí ajá náà bó ti ń bọ̀. Okùn ò ní kúrò lọ́wọ́ alájá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ariwo. Aláìsàn á máa fọwọ́ pa irun rẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà tí àrùn ìgbàgbé ti gba orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ajá tí bàbá rẹ̀ ní. Níbi tí ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé bá wà, ó lè ní kí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá kan máa fi apá tó rọ náà ya irun ajá. Ẹni tó kọ̀ láti gbé apá sókè nítorí eré ìmárale á gbé e nítorí ajá.

Ti àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1999, ẹgbẹ́ Intermountain Therapy Animals ní Salt Lake City dá ètò kan sílẹ̀ tí ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára fi ń kàwé fún ajá. Ọmọ tó ń kólòlò lójú ìwé máa ń bẹ̀rù ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àtúnṣe olùkọ́. Ajá kì í rẹ́rìn-ín, kì í ṣàtúnṣe, kò sì níbi tó ń kánjú lọ. Ọmọ á ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta bí ó bá wù ú. Àwọn yàrá ìkàwé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti gba ètò yìí lò.

Ṣé nǹkan kan ń yí padà nínú ara lóòótọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2003, Odendaal àti Meintjes, onímọ̀ méjì ní South Africa, gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn àti àwọn ajá tó ń bá ara wọn ṣeré. Àwọn èròjà inú ara tó ń mú ìfẹ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ wá pọ̀ sí i lára ènìyàn, wọ́n sì pọ̀ sí i lára ajá pẹ̀lú. Ní 2007, àwọn nọ́ọ̀sì olùwádìí ní Yunifásítì California ní Los Angeles ṣe tiwọn pẹ̀lú àwọn aláìsàn 76 tí ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ ká nínú ara wọn ò lágbára mọ́. Àwọn kan gba àlejò ènìyàn àti ajá fún ìṣẹ́jú 12, àwọn kan gba àlejò ènìyàn nìkan, àwọn kan ò gba àlejò rárá. Àwọn tí ajá lọ kí ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn àti àníyàn wọn rọlẹ̀ jù. Èyí ò sọ pé ajá ń wo ọkàn sàn. Oògùn ni oògùn, iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ abẹ. Ara tó balẹ̀ ni ajá fi ń ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Apá kan wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: ajá náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó ti tó. Kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń lá ètè rẹ̀ nígbà tí kò sí oúnjẹ, bí ó bá ń yán láìsí oorun lójú rẹ̀, bí ó bá ń yí orí kúrò tàbí tí funfun ojú rẹ̀ ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìrù rẹ̀ bá wọlé, kí alájá dágbére fún àwọn aláìsàn kó sì mú un jáde. Pet Partners ò gbà kí ajá ṣiṣẹ́ ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́. Ajá tí wọ́n yọ nínú ewu nílò ìṣọ́ yìí ju àwọn yòókù lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ láti fara da ohun tó ń dùn wọ́n láìfọhùn. Bí ó bá dàgbà tó ń rìn gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí kò yọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n mú okùn, ó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Alájá tó ń fa ajá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nítorí ìyìn tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà ò yẹ fún iṣẹ́ náà.

Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá ní èrò tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ajá ní àyè rẹ̀ lọ́dọ̀ wa: lẹ́yìn ọdẹ, lẹ́nu ọ̀nà, níwájú Ògún. Màmá tó dàgbà níbi tí ajá kì í ti í kọjá àgbàlá lè ka ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn sí ìwọ̀sí. Mùsùlùmí tó ń ṣọ́ra fún itọ́ ajá nítorí àlùwàlá ní ìdí tirẹ̀. Ìbéèrè tó ń ṣáájú ìbẹ̀wò wà fún irú àwọn wọ̀nyí gan-an, kò sì yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti kọ̀.

Ìbẹ̀rù tó wọ́pọ̀ jù nílé ni ti dìgbòlugi, òótọ́ sì ni ìbẹ̀rù náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn wà, ìgéjẹ ajá ló sì ń fa nǹkan bí 99 nínú 100. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, àtiyè ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ṣùgbọ́n àrùn tí a lè dènà ni. Bí ajá 70 nínú 100 ní àdúgbò kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà á dáwọ́ ìtànkálẹ̀ dúró láàárín wọn. Kò sí ilé ìwòsàn tó máa ṣílẹ̀kùn fún ajá ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti ń sá fún gbogbo ajá, kò sì yẹ kó ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ rí ajá ìtùnú nílẹ̀ wa lọ́jọ́ iwájú, ibi abẹ́rẹ́ ló ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi ìdánwò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí òbí yín wà nílé ìtọ́jú lókè òkun, ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí ilé náà bóyá ajá ń wá síbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn bóyá òbí yín fẹ́ tàbí kò fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ajá nílé, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ èyí tó kàn kọjá. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.